Ìdúnàádúrà owó oṣù ní Nàìjíríà

Ìdúnàádúrà owó oṣù ni ọ̀rọ̀ àjọsọ tí ó máa ń wáyé láàárín agbanisíṣẹ́ àti ẹni tí ó fẹ́ gbà síṣẹ́, kí àwọn méjèèjì tó fẹnu kò lórí iye tí wọn yóò máa san àti àwọn àǹfààní mìíràn tí yóò bá iṣẹ́ náà rìn. Àkókò tí ó ṣe pàtàkì jùlọ fún un ni àlàfo kékeré tí ó wà láàárín ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ sọ pé òun ti yan ẹnì kan àti ọjọ́ tí ẹni náà buwọ́ lùwé. Ṣáájú àkókò yìí, ọ̀kan lásán nínú ọ̀pọ̀ ni olùwáṣẹ́ jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àdéhùn ti de tọ̀tún tòsì.

Ní ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Nàìjíríà, yàtọ̀ sí òfin owó oṣù tó kéré jùlọ, kò sí òfin tí ó pinnu iye tí oníṣirò owó, akọ̀wé tàbí ẹlẹ́rọ kan gbọ́dọ̀ máa gbà. Nítorí náà, ẹni méjì lè jọ jókòó sí yàrá kan náà, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ kan náà, kí owó wọn má sì dọ́gba, nítorí pé ọ̀kan béèrè, èkejì kò béèrè. Òwe Yorùbá tí ó sọ pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ìtàn

Láyé àtijọ́, oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn Yorùbá ń gbà rí ẹni bá wọn ṣiṣẹ́. Nínú àáró, àwọn ẹgbẹ́ a máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko ní ìyípo láìgba owó. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó pe àwọn ènìyàn ni yóò fún wọn ní oúnjẹ àti ohun mímu. Ìwọ̀fà ní tirẹ̀ ń fi iṣẹ́ rẹ̀ dí èlé owó tí wọ́n yá lórí rẹ̀. Agbàṣe nìkan ni ó jọ iṣẹ́ olówó oṣù ti òde òní: alágbàṣe àti olóko yóò kọ́kọ́ wo ilẹ̀, wọn yóò ka ebè tàbí poro, wọn yóò sì dá iye kan sí i kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Ẹni tí kò bá ná iṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn nígbà tí oòrùn bá wọ̀.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì dé, ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ọ̀yà fún òṣìṣẹ́ láìbi í léèrè. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kò lágbára láti bá wọn dúnàádúrà, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pawọ́ pọ̀. Ní ọdún 1897, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ iṣẹ́-òde ìjọba ní Èkó daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ètò tí gómìnà fẹ́ fi yí àkókò iṣẹ́ àti owó wọn padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí ó lé ní oṣù kan. Michael Imoudu ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jùlọ nínú ìjà náà, ohun tí wọ́n sì ń béèrè fún ni àfikún owó nítorí pé ogun àgbáyé ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n.

Lẹ́yìn òmìnira, ìgbìmọ̀ ni ìjọba ń gbé kalẹ̀ láti tún owó oṣù yẹ̀ wò. Olóyè Simeon Adebo ni ó ṣe olórí ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ti Jerome Udoji, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1974. Owó àfikún tí àwọn òṣìṣẹ́ gbà nígbà náà pọ̀ débi pé àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní "owó Udoji", ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí iye owó ọjà fi fò sókè. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti mọ̀ pé iye tí a kọ sínú ìwé àti ohun tí iye náà lè rà kì í ṣe nǹkan kan náà.

Iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ aládàáni

Nínú iṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ kì í dá dúró dúnàádúrà. Owó tò lórí àtẹ: ìpele ni ipò, ìgbésẹ̀ sì wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 08. Àwọn dókítà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù àti àwọn olùkọ́ yunifásítì ní àtẹ tiwọn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi Nigeria Labour Congress, Trade Union Congress àti ASUU ni ó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tí ẹnì kan lè béèrè nígbà tí wọ́n bá gbà á ni pé kí wọ́n ka ìrírí rẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n lè gbé e sí ìpele àti ìgbésẹ̀ tí ó tọ́ sí i. Àṣìṣe níbẹ̀ lè bá ènìyàn rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nínú ilé-iṣẹ́ aládàáni, àyè wà, ṣùgbọ́n kò dọ́gba. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń gba ogunlọ́gọ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà sábà máa ń ní iye kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, àyè àtiyí i padà kò sì pọ̀. Àyè náà a máa gbòòrò bí ìrírí bá ṣe ń pọ̀ sí i, tàbí bí iṣẹ́ bá jẹ́ èyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, ẹni tí ó ni iṣẹ́ ni ó sábà máa ń dá owó fúnra rẹ̀, kò sì sí àtẹ kankan.

Owó oṣù tó kéré jùlọ ni ilẹ̀ tí ìdúnàádúrà kò gbọ́dọ̀ wọ̀ kọjá. Òfin ọdún 1981 fi í sí ₦125. Ní ọdún 2011 ó di ₦18,000, ní ọdún 2019 ó di ₦30,000, ní oṣù Keje ọdún 2024 ó sì di ₦70,000. Òfin ọdún 2024 tún dín àkókò àtúnyẹ̀wò kù láti ọdún márùn-ún sí ọdún mẹ́ta. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó 25 kò sí lábẹ́ òfin náà.

Ohun tí ó wà nínú owó oṣù

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "owó oṣù", ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà sábà máa ń pín in sí ìpìlẹ̀ owó oṣù, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní "bésíìkì", owó ilé, owó ọkọ̀, àti àwọn àjẹmọ́nú mìíràn bí owó oúnjẹ tàbí owó ìsinmi. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ ni iye tí agbanisíṣẹ́ máa ń dárúkọ. Iye tí ó ń wọ àpò ìfowópamọ́ òṣìṣẹ́, ìyẹn owó àmúrelé, kéré sí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń yọ ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé, ó kéré tán, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un. Orí àpapọ̀ ìpìlẹ̀ owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Nítorí èyí, bí a ṣe pín owó ṣe pàtàkì: bí agbanisíṣẹ́ bá kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sábẹ́ orúkọ àjẹmọ́nú mìíràn, owó ìfẹ̀yìntì tí òun alára gbọ́dọ̀ san yóò dínkù, owó tí òṣìṣẹ́ yóò fi fẹ̀yìn tì yóò sì dínkù pẹ̀lú. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí iye rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí owó ọdún mẹ́ta.

Ohun kejì ni owó orí. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí owó orí kàn lọ́dún kò ní owó orí lórí. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, ìdá 18 lórí ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé ìdá 25. Ẹni tí ó ń san owó ilé lè yọ ìdá 20 nínú owó ilé náà kúrò kí wọ́n tó ṣírò, bí kò bá ti kọjá ₦500,000.

Àpẹẹrẹ ìṣirò

Ká ní wọ́n fi ₦300,000 lóṣù lọ ẹnì kan, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀, tí kò sì sí ìdínkù mìíràn. Lọ́dún, ó jẹ́ ₦3,600,000. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò jẹ́ ₦288,000. Èyí tí ó kù fún owó orí ni ₦3,312,000. Kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Ìdá 15 lórí ₦2,200,000 jẹ́ ₦330,000. Ìdá 18 lórí ₦312,000 tí ó ṣẹ́kù jẹ́ ₦56,160. Àpapọ̀ owó orí jẹ́ ₦386,160. Ohun tí yóò dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́dún ni ₦2,925,840, ìyẹn ₦243,820 lóṣù. Ẹni tí ó bá fi ₦300,000 ṣe ètò owó ilé, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ yóò rí i pé ó lé díẹ̀ ní ₦56,000 tí kò sí níbẹ̀ lóṣooṣù.

Ìṣirò kejì ni ti ìyàtọ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦200,000, tí èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦250,000, tí àwọn méjèèjì sì ń gba àfikún ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, ní ọdún karùn-ún ẹni àkọ́kọ́ yóò máa gba ₦292,820, èkejì yóò sì máa gba ₦366,025. Ìyàtọ̀ ₦50,000 ti di ₦73,205 lóṣù. Àpapọ̀ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ pàdánù láàárín ọdún márùn-ún náà jẹ́ ₦3,663,060, kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnì kan sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ orísun gbogbo rẹ̀.

Bí ìdúnàádúrà ṣe ń lọ

Ìmúrasílẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Olùwáṣẹ́ a máa wádìí iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ náà ní ìlú náà, nítorí pé owó iṣẹ́ kan náà ní Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ lè má dọ́gba. Lẹ́nu àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àti àwọn ìpolówó iṣẹ́ ni ó ti ń gbọ́ ọ. Iye mẹ́ta ni ó dára kí ó wà lọ́kàn rẹ̀: iye tí yóò béèrè, iye tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, àti iye tí kò ní gbà kí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Agbára olùwáṣẹ́ dá lórí ohun tí yóò ṣe bí ọ̀rọ̀ náà kò bá wọ̀. Roger Fisher àti William Ury tẹnu mọ́ èyí nínú ìwé wọn lórí ìdúnàádúrà tí ó jáde ní ọdún 1981. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ti pè, lè dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ti jókòó sílé fún ọdún méjì kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, agbanisíṣẹ́ sì sábà máa ń mọ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó lè sàn kí ó gba iye tí ó wà nílẹ̀, kí ó sì béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn yóò tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Àríyànjiyàn wà lórí ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dárúkọ iye. Nínú ọjà, ọlọ́jà ni ó ń kọ́kọ́ pe owó, oníbàárà a sì máa ná an wálẹ̀. Ìwádìí Amos Tversky àti Daniel Kahneman ní ọdún 1974 fi hàn pé iye àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá gbọ́ máa ń fa èrò rẹ̀ mọ́ra, bí iye náà kò tilẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ iye tí ó yẹ lè jèrè bí ó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi ẹnu ara rẹ̀ dín owó ara rẹ̀ kù. Ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà ni "Èló ni ẹ ń gbà níbi tí ẹ wà báyìí?" Olùwáṣẹ́ lè dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé iṣẹ́ tuntun náà yàtọ̀, kí ó sì sọ iye tí ó ń retí fún un.

Ohùn ṣe pàtàkì bí iye. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ìdáhùn tí ó bójú mu máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́, ó ń mẹ́nu ba ìdí, ó sì ń parí pẹ̀lú ìbéèrè, fún àpẹẹrẹ: "Ẹ ṣé púpọ̀ fún àǹfààní yìí. Iṣẹ́ náà wù mí. Pẹ̀lú ìrírí ọdún mẹ́rin tí mo ní àti iṣẹ́ àbójútó tí ó wà nínú ipò náà, ₦380,000 ni mo ní lọ́kàn. Ǹjẹ́ àyè wà kí a tún un gbé yẹ̀ wò, ẹ jọ̀ọ́?" Ìdí tí ó bá iṣẹ́ mu ló ń ṣiṣẹ́. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tàbí gbèsè kì í ṣe ìdí tí agbanisíṣẹ́ ń wò.

Bí iye náà kò bá ṣeé yí padà, àwọn nǹkan mìíràn ṣì wà: ọjọ́ ìsinmi, iṣẹ́ láti ilé, ètò ìlera fún ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ, owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, orúkọ ipò, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó oṣù kẹtàlá jẹ́ àṣà ní àwọn ilé-iṣẹ́ kan, òfin kò fi dandan lé e. Bí kò bá sí nínú ìwé, kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi béèrè rẹ̀.

Ipò òfin

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tí ó ti wà láti ọdún 1971, sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó ṣàlàyé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ iye owó, bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi àti àkókò ìkìlọ̀ kí wọ́n tó fòpin sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ìṣàkóso tàbí ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò. Fún irú wọn, ìwé àdéhùn gan-an ni òfin wọn. Ìdí nìyí tí ìlérí ẹnu kò fi tó: ohun tí wọ́n bá sọ lórí fóònù yẹ kí ó hàn nínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀. National Industrial Court ni ilé-ẹjọ́ tí ó ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́.

Obìnrin àti ìdúnàádúrà

Nínú ìwé tí Linda Babcock àti Sara Laschever gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2003, wọ́n ròyìn ìwádìí kan lórí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè kejì ní Carnegie Mellon. Ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin ni ó béèrè fún àfikún sí owó tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n; ìdá 7 péré ni nínú àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn tí Babcock bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ọdún 2007 fi hàn pé ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn obìnrin nìkan: àwọn tí ń gbani síṣẹ́ a máa fojú burúkú wo obìnrin tí ó béèrè ju ọkùnrin tí ó béèrè lọ. Andreas Leibbrandt àti John List náà rí i pé nígbà tí ìpolówó iṣẹ́ bá sọ gbangba pé owó ṣeé ná, ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin a máa pòórá.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ọdún 1999 kà á sí ọ̀kan nínú àfojúsùn ìjọba pé kí iṣẹ́ tó dọ́gba gba owó tó dọ́gba láìka akọ tàbí abo sí. Ṣùgbọ́n apá ìwé òfin tí ó wà kì í sábà ṣeé fi pe ẹjọ́.

Ní ilẹ̀ òkèèrè

Àwọn ìjọba kan ti ń gbìyànjú láti mú kí ìmọ̀ nípa owó dọ́gba láàárín ẹni méjèèjì. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 2016 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ béèrè iye tí olùwáṣẹ́ ń gbà tẹ́lẹ̀ kí ó tó fi iṣẹ́ àti owó lọ̀ ọ́. Láti ọdún 2021 ni Colorado ti ní kí ìpolówó iṣẹ́ dárúkọ iye tí wọn yóò san, ìlú New York sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2022. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2023.

Fún àwọn nọ́ọ̀sì Yorùbá tí wọ́n ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà jọ ti iṣẹ́ ìjọba nílé. NHS ní àtẹ owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ipele 5 sì ni nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kù láti béèrè ni bóyá wọn yóò ka ìrírí tí ó ti ní sí i nígbà tí wọ́n bá ń yan ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nínú ipele náà.

Nàìjíríà pẹ̀lú ti ní àwọn òṣìṣẹ́, pàápàá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti ilé fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà, tí iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ gidigidi, irú owó tí wọn yóò fi san ti di apá pàtàkì nínú ìdúnàádúrà. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ wà ní dọ́là àti ẹni tí tirẹ̀ wà ní náírà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tí ó dọ́gba ní ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lùwé, kí ọdún kan péré sì yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá.